Bí a ṣe ń kọ́ ẹnjinníà láti fi kọ̀ǹpútà ṣe àwòṣe etíkun: ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, láti orí ọsàn tó léfòó dé orí XBeach

Ẹnjinníà tó mọ iṣẹ́ ìkọ́lé dunjú lè ṣí XBeach tàbí Delft3D, àwọn sọ́fítíwíà tó ń ṣírò ìgbì, ìṣàn omi àti iyanrìn, lónìí, kí ọ̀sẹ̀ yìí sì tó parí, kó ti ní àwòrán aláràbarà tí ọfà ìṣàn omi ń sáré kiri lórí rẹ̀. Àwòrán náà sì lè jẹ́ irọ́ látòkè délẹ̀. Kọ̀ǹpútà kì í jiyàn. Bí a bá sọ fún un pé àríwá ni ìgbì ti ń wá kọlu etíkun Èkó, á ṣírò rẹ̀ bẹ́ẹ̀, á sì kùn ún ní àwọ̀ mèremère. Ìdí rèé tí ètò tí a là sílẹ̀ níbí fi ti sọ́fítíwíà ńlá sẹ́yìn di ọ̀sẹ̀ kẹrin. Ẹni tí kò lè fi bírò àti ìwé sọ ibi tí iyanrìn ń lọ àti bó ṣe pọ̀ tó lọ́dún, kò ní mọ ìgbà tí kọ̀ǹpútà bá ń purọ́ fún un.

Etíkun tó wà láti Lomé, tó gba Cotonou dé Èkó, la fi ń kọ́ni. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni iyanrìn ń gbà níbẹ̀: ìgbì tó ń ti gúúsù, tó fì díẹ̀ sí ìwọ̀-oòrùn, bọ̀ ló ń tì í lọ sí ìlà-oòrùn tọ̀sán tòru, tó nǹkan bí ìdajì mílíọ̀nù sí mílíọ̀nù kan mítà kúbíìkì lọ́dún. Ibi tó wù kí èèyàn ti na ògiri òkúta wọnú òkun, iyanrìn á kó jọ sí ìwọ̀-oòrùn rẹ̀, òkun á sì máa jẹ ilẹ̀ ní ìlà-oòrùn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn nígbà tí wọ́n kọ́ ògiri òkúta sí ẹnu ọ̀nà Ọ̀sà Èkó láàárín 1908 sí 1912: Lighthouse Beach, ní ìwọ̀-oòrùn, ń fẹ̀ sí i, òkun sì jẹ Victoria Beach, ní ìlà-oòrùn, wọlé ju kìlómítà kan lọ kí àwọn ọdún 1960 tó dé. Cotonou àti Lomé rí irú rẹ̀ nígbà tí wọ́n kọ́ èbúté tiwọn ní àwọn ọdún 1960. A ti mọ ìdáhùn ṣáájú. Òun ló jẹ́ kí ibẹ̀ ṣeé fi dán akẹ́kọ̀ọ́ àti àwòṣe rẹ̀ wò.

Kí kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀

Ẹ má gba ju èèyàn méjìlá lọ, méjì méjì sídìí kọ̀ǹpútà kan. Nígbà tí ọ̀kan bá ń tẹ̀, tí èkejì ń bi í pé "kí ló dé tó o fi kọ ìyẹn?", àṣìṣe kì í pẹ́ jáde. RAM 16 GB tó. Àyè 500 GB lórí hard disk kò pọ̀ jù, torí fáìlì èsì máa ń wú bí àkàrà. QGIS (fún àwòrán ilẹ̀), Python (èdè kóòdù), SWAN (fún ìgbì), XBeach àti TELEMAC (fún ìṣàn omi), ọ̀fẹ́ ni gbogbo wọn, nítorí náà kò sí ìdí kankan láti fi sọ́fítíwíà tí wọ́n jí kọ́ni.

Ẹ ti kó dátà sílẹ̀ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì kí wọ́n tó dé, kí ẹ sì pín in fún wọn lórí flash. Bí èèyàn méjìlá bá jọ ń fa dátà ìgbì ERA5 (àkọsílẹ̀ ojú ọjọ́ àti ìgbì gbogbo ayé) lórí ìlà kan ṣoṣo, gbogbo ọjọ́ náà ti lọ. Ti iná mànàmáná náà ńkọ́? Inverter fún kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ló dára jù, àmọ́ bí kò bá sí, ẹ kọ́ wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ bí àwòṣe ṣe ń kọ ipò rẹ̀ sílẹ̀ ní wákàtí mẹ́fà mẹ́fà kó lè bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dúró sí. Nínú SWAN, hotfile ni wọ́n ń pe fáìlì yẹn. Ẹni tí iná bá lọ mọ́ lọ́wọ́ ní wákàtí kejìlélógún nínú iṣẹ́ wákàtí mẹ́rìnlélógún, tí kò sì kọ nǹkan kan sílẹ̀, á tún un ṣe látìbẹ̀rẹ̀ ni.

Ọ̀sẹ̀ kìíní: etíkun fúnra rẹ̀

Ẹ kó wọn lọ sétíkun nígbà tí omi bá fà jù. Ẹ gbé ẹ̀rọ level àti ọ̀pá onínọ́ńbà rẹ̀ dání, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí òpó tí a mọ gíga rẹ̀, kí ẹ sì wọn ilẹ̀ láti ẹ̀yìn iyanrìn tó ga jù lọ títí dé ibi tí omi bá dé orúnkún. Mítà márùn-ún márùn-ún ni kí wọ́n máa wọ̀n ọ́n, kí wọ́n sì fi ibi gbogbo tí ìdagẹ̀rẹ̀ bá ti yí padà kún un, torí ibi ìyípadà yẹn gan-an ni ẹni tó ń yára máa ń fò. Kí ẹnikẹ́ni má kọjá orúnkún. Omi tó ń fà padà sínú agbami ní etíkun wa lágbára, ó sì ti gbé ẹni tó mọ̀wẹ̀ lọ rí.

Ẹ bu iyanrìn ìdajì kílò ní ibi mẹ́ta: orí òkè, ibi tí omi ń gùn, àti ibi tí ìgbì ti ń fọ́. Ẹ sá a, kí ẹ fi ajọ̀ onípele jọ̀ ọ́, kí ẹ wọn èyí tó kù nínú ajọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì wá D50, ìyẹn ìwọ̀n wóró tó pín iyanrìn náà sí ìdajì nípa wíwúwo. Láàárín 0.3 sí 0.6 mílímítà ló sábà máa ń bọ́ sí. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá mú 0.06 wá, ó ti ṣi pọ́ńtì kọ. Ẹrẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe iyanrìn.

Fún àlàfo ìgbì (àkókò láàárín orí ìgbì kan sí èkejì), kí wọ́n ka orí ìgbì mọ́kànlá tó kọjá ojú kan, kí wọ́n sì pín àkókò náà sí mẹ́wàá. Ẹni tó bá ka mẹ́wàá tó sì pín in sí mẹ́wàá ti ṣì í ṣe, torí àlàfo mẹ́sàn-án ló wà láàárín orí mẹ́wàá. Bí àpapọ̀ rẹ̀ bá jẹ́ 120 ìṣẹ́jú àáyá, ìgbì náà jẹ́ ti 12.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ mú ọsàn mẹ́wàá jáde. Ọsàn dára ju ìgò òfìfo lọ: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rì tán, nítorí náà atẹ́gùn kò rí ara rẹ̀ tì. Kí ẹni tí apá rẹ̀ le jù ú sáàárín ibi tí ìgbì ti ń fọ́, kí ẹnì kan máa bá a rìn lórí iyanrìn, kí ẹlòmíràn mú aago lọ́wọ́. Ẹ wọn ibi tó bá dé lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan. Ìgbì tó ga ní mítà kan ààbọ̀, tó sì fì dígírì 5 sí etíkun, yẹ kó gbé ọsàn náà ní bíi mítà 23 ní ìṣẹ́jú kan, ìyẹn nǹkan bíi 0.39 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá. Àwọn kan á bá òjì mítà pàdé, àwọn mìíràn á bá mẹ́wàá. Kí wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, pẹ̀lú apá ibi tó gbà. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, nígbà tí XBeach bá ní ìṣàn omi ń lọ sí ìwọ̀-oòrùn, ìwé tí wọ́n kọ ọsàn sí yìí ni wọ́n á fi dá a lóhùn.

Ọ̀sẹ̀ kejì: ìṣirò ọwọ́, lẹ́yìn náà àwòṣe onílà kan

Àgbékalẹ̀ CERC, tó ń ṣírò iye iyanrìn tí ìgbì ń gbé lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ etíkun, ni kí ẹ kọ sójú pátákó:

Q = K × ρ × √g × Hb^2.5 × sin(2α) ÷ [16 × √γ × (ρs − ρ) × (1 − p)]

Q ni iye iyanrìn, Hb ni gíga ìgbì níbi tó ti ń fọ́, α ni igun tó wà láàárín orí ìgbì àti ìlà etíkun níbẹ̀. Ẹ fi 1025 sí ρ (ìwúwo omi òkun, kílò nínú mítà kúbíìkì kan), 2650 sí ρs (ìwúwo wóró iyanrìn), 9.81 sí g (òòfà ilẹ̀), 0.78 sí γ (gíga ìgbì tó ń fọ́ ní ìfiwéra pẹ̀lú jíjìn omi níbẹ̀), 0.4 sí p (àyè òfìfo láàárín wóró), àti 0.39 sí K (nọ́ńbà àtúnṣe). Bí Hb bá jẹ́ 1.5, gbogbo rẹ̀ á kúrú sí 0.25 × sin(2α) mítà kúbíìkì ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ní dígírì 5, ìyẹn tó 1.37 mílíọ̀nù lọ́dún.

Ẹ má kánjú kúrò níbí, torí ibí ni ẹ̀kọ́ tó ṣe pàtàkì jù lọ nínú gbogbo ètò yìí wà. Ẹ ní kí wọ́n fi dígírì 4 ṣe é: 1.10 mílíọ̀nù. Kí wọ́n fi 6 ṣe é: 1.64 mílíọ̀nù. Dígírì kan péré, tí ojú lásán kò lè rí, gbé nǹkan bí 270,000 mítà kúbíìkì iyanrìn lọ tàbí ó dá a padà. Kí wọ́n wá fi sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá péré kún gíga ìgbì: iyanrìn á lé sí i ní ìdá 17 nínú ọgọ́rùn-ún. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ìṣirò yìí kò ní kọ "1,372,416 mítà kúbíìkì" sínú ìwé fún oníbàárà mọ́ láéláé.

Wọ́n á tún rí i pé 1.37 mílíọ̀nù ju ohun tí a mọ̀ nípa Èkó lọ. Bí a bá mú K wálẹ̀ sí 0.2, á bọ́ sí bíi 0.7 mílíọ̀nù. Kò sí ohun ìtìjú níbẹ̀. K kì í ṣe òfin, nọ́ńbà tí a ń fi ohun tí a wọ̀n tún ṣe ni. Ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n tún un ṣe, kí wọ́n sì sọ ìdí rẹ̀.

Ẹ wá ní kí wọ́n fi Python kọ àwòṣe onílà kan, èyí tí Pelnard-Considère gbé kalẹ̀ ní 1956: ìlà etíkun ń sún síwájú níbi tí iyanrìn tó ń wọlé bá ti ju èyí tó ń jáde lọ, ó sì ń fà sẹ́yìn níbi tí kò bá tó. Kóòdù rẹ̀ kò ju ìlà ogójì lọ. Kí wọ́n fi ògiri kan dí iyanrìn lọ́nà pátápátá, kí K wà ní 0.39, kí igun jẹ́ dígírì 5, kí gíga ibi tí iyanrìn ti ń ṣí nípò jẹ́ mítà 10 lápapọ̀ láti ìsàlẹ̀ omi dé òkè. Ìṣirò ọwọ́ ní kí etíkun sún jáde ní bíi mítà 390 ní ìdí ògiri lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá. Bí kóòdù wọn kò bá mú ohun tó sún mọ́ ọn wá, ẹ má tíì tẹ̀ síwájú.

Ohun méjì ló sábà máa ń bà á jẹ́. Èkíní ni ìṣísẹ̀ àkókò, ìyẹn iye àkókò tí kóòdù ń gbé síwájú lẹ́ẹ̀kan. Bí àlàfo ojúkò wọn bá jẹ́ mítà 50, ìṣísẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju 25,000 ìṣẹ́jú àáyá lọ, nǹkan bíi wákàtí méje. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi wákàtí mẹ́jọ dán an wò: ìlà etíkun á bẹ̀rẹ̀ sí í rí bí eyín ayùn, á sì fò lọ. Kí wọ́n wá dín àlàfo kù sí mítà 25, wọ́n á rí i pé ìṣísẹ̀ tó dára ti wálẹ̀ sí ìdá mẹ́rin, kì í ṣe ìdajì. Èkejì ni àwòṣe tó kúrú jù. Ní ọdún mẹ́wàá, ipa ògiri náà á ti nà dé kìlómítà mẹ́jọ, ó lé. Ẹni tó bá gé àwòṣe rẹ̀ ní kìlómítà márùn-ún ti fi ààlà pa á lẹ́nu. Kìlómítà ogún ni kí wọ́n fún un.

Ọ̀sẹ̀ kẹta: dátà, níbi tí àṣìṣe pọ̀ sí jù

Ohun kan ṣoṣo la ń ṣe lọ́sẹ̀ yìí: à ń bi dátà kọ̀ọ̀kan pé "láti ibo lo ti ń ka ara rẹ?"

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ìgbì. ERA5 ń sọ ibi tí ìgbì ti ń wá, ó ń kà á láti àríwá, ó sì ń yí bí ọwọ́ aago ṣe ń yí. 200 níbẹ̀ ni ìgbì tó ń ti gúúsù bọ̀, tó fì sí ìwọ̀-oòrùn. Àmọ́ àwọn sọ́fítíwíà kan lè ka ibi tí ìgbì ń lọ, láti ìlà-oòrùn, ní òdì ọwọ́ aago. Fún irú wọn, 200 yìí á di ìgbì tó kọ ẹ̀yìn sí Èkó, tó ń sá lọ sí ìwọ̀-oòrùn. Ẹ yọ nọ́ńbà náà kúrò nínú 270: 70 ló kù, ìgbì sì padà kọjú sí ilẹ̀. Kí wọ́n ya ọfà mẹ́rin sórí ìwé, kí wọ́n yí wọn padà lọ́wọ́, kí wọ́n tó fi kóòdù ṣe é.

Ìjìn omi ńkọ́? GEBCO, àkójọ dátà ìjìn òkun, kárí ayé, ó sì wúlò ní agbami, ṣùgbọ́n ojú kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀ fẹ̀ tó bíi mítà 460. Gbogbo ibi tí ìgbì ti ń fọ́ ní etíkun wa lè wọnú ojú kan ṣoṣo, kí àyè sì ṣẹ́ kù. Láti mítà 15 wá sílẹ̀, ohun tí ọkọ̀ wíwọn-jíjìn mú wá àti ohun tí wọ́n wọ̀n ní ọ̀sẹ̀ kìíní ni kí ẹ lò. Kí wọ́n sì wo àmì: àwòṣe kan ń ka jíjìn sí nọ́ńbà tó ju òdo lọ, òmíràn ń kà á sí òdì. Bí ó bá yí padà, òkè á wà nínú agbami, ìlú á sì wà lábẹ́ omi. Ìyẹn rọrùn láti rí. Èyí tó burú ni ìgbà tí orí omi tí wọ́n fi ń ka jíjìn bá yàtọ̀. Àwòrán ojú omi àwọn atukọ̀ ń ka jíjìn láti ibi tí òkun bá fà dé jù, nígbà tí àwòṣe ń retí agbede-méjì òkun. Ìyàtọ̀ rẹ̀ lè tó ìdajì mítà, ojú kò sì ní rí i lórí àwòrán.

Lórí ilẹ̀, Minna, ìlànà ìwọ̀n ilẹ̀ ti Nàìjíríà, ni ọ̀pọ̀ àwòrán ilẹ̀ àtijọ́ níbẹ̀ ń lò, ìyàtọ̀ àárín rẹ̀ àti WGS84, ìlànà tí GPS ń lò, sì ju ọgọ́rùn-ún mítà lọ. Kí ohun gbogbo di EPSG:32631 (ìlànà WGS84 oní-mítà fún agbègbè wa) kó tó wọnú àwòṣe. Aago náà wà níbẹ̀: ERA5 ń lo UTC (aago àgbáyé), ẹni tó ka omi ní Èkó sì ń lo aago Nàìjíríà tó fi wákàtí kan ṣáájú. Òkun wa ń kún, ó sì ń fà lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, bíi wákàtí 12.42 fún ẹ̀ẹ̀kan. Wákàtí kan tí a gbàgbé á jẹ́ kí àwòṣe dà bíi pé kò mọ̀gbà tí òkun ń kún, ẹni tí kò bá sì fura á bẹ̀rẹ̀ sí í yí bí ilẹ̀ abẹ́ omi ṣe rí padà láti wo àrùn tí kò sí.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin: àwọ̀n àti SWAN

Bí àwọ̀n apẹja la ṣe ń ronú nípa àwọn ojú tí àwòṣe pín òkun sí: ojú àwọ̀n tó fẹ̀ ní agbami, tó ń dín kù bó ṣe ń sún mọ́ ilẹ̀. Mítà 200 lókèèrè, 50 láàárín, 10 níbi tí ìgbì ti ń fọ́. Bí ojú ṣe ń kéré sí i láàárín àwọ̀n kan ṣoṣo, kí ìyàtọ̀ ojú kan sí èkejì má ju ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún lọ.

Fún SWAN, kí fríkúẹ́ńsì (iye ìgbì nínú ìṣẹ́jú àáyá kan) tó kéré jù bẹ̀rẹ̀ láti 0.04 tàbí kó má tó o. Ìgbì ìṣẹ́jú àáyá 16 tó ń ti ìsàlẹ̀ Atlantic bọ̀ jẹ́ 0.0625; ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti 0.07 ti ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn. Kí wọ́n pín ìhà ìgbì sí dígírì 5 tàbí kó kéré jù bẹ́ẹ̀, torí irú ìgbì yìí tẹ́ẹ́rẹ́, a sì ti rí ohun tí dígírì kan ń ṣe. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n dín ojú àwọ̀n kù sí ìdajì, kí wọ́n tún un ṣe. Bí gíga ìgbì bá yí padà ju ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, àwọ̀n ti àkọ́kọ́ fẹ̀ jù.

Ọ̀sẹ̀ karùn-ún: XBeach

Kí wọ́n tó gbé etíkun gidi wọlé, ìdánwò mẹ́ta wà lórí etíkun tó tẹ́ gẹ́rẹ́ láìní kọ̀rọ̀. Nínú èkíní, kò sí ìgbì, òkun kò kún, kò sì fà. Omi gbọ́dọ̀ dákẹ́ rọ́rọ́ fún wákàtí kan gbáko. Bí ìṣàn bá wà, ààlà tàbí ìjìn omi ní àbùkù. Nínú èkejì, ìgbì wá ní tààrà. Kò yẹ kí ìṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ etíkun wà ju èyí tí ojú ààlà bá dá sílẹ̀ lọ. Nínú ẹ̀kẹta, ìgbì fì dígírì 5. Ìṣàn gbọ́dọ̀ lọ sí apá ibi tí ọsàn gbà, kí ó sì sún mọ́ 0.4 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá. Ìdánwò mẹ́ta yìí kò gba ju òwúrọ̀ kan lọ, ó sì ń gba èèyàn lọ́wọ́ ọ̀sẹ̀ méjì àṣedànù.

Ìgbà tí ìdánwò bá yege la tó tan ìṣípòpadà iyanrìn. Ìṣísẹ̀ àkókò níbí kéré gan-an: ní omi tó jìn ní mítà 20, ìgbì gígùn ń sáré mítà 14 ní ìṣẹ́jú àáyá, nítorí náà ojú àwọ̀n mítà 10 kò lè gbà ju 0.7 ìṣẹ́jú àáyá lọ. Àwọn èèyàn ń lo morfac kí iṣẹ́ lè yá: bó bá jẹ́ 10, ọjọ́ kan ìgbì di ọjọ́ mẹ́wàá fún iyanrìn. Kí wọ́n fi 1 àti 10 ṣe ohun kan náà lórí ìjì ọjọ́ kan kí wọ́n tó gbà á gbọ́. Etíkun wa ga ní ìdagẹ̀rẹ̀, XBeach sì máa ń jẹ ilẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ níbi tó bá ga bẹ́ẹ̀. Facua, nọ́ńbà tó ń sọ bí ìgbì ṣe ń ti iyanrìn padà sí etíkun tó, ni kọ́kọ́rọ́ tí a kọ́kọ́ ń gbé sókè, díẹ̀díẹ̀, ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá yí kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta pọ̀ lẹ́ẹ̀kan kò ní mọ èyí tó ṣiṣẹ́.

Ọ̀sẹ̀ kẹfà: fífi òtítọ́ dán an wò

CoastSat lè fún wọn ní ìlà etíkun láti inú àwòrán sátẹ́láìtì Landsat láti 1984. Òkun tó kún ní mítà kan lórí ìdagẹ̀rẹ̀ 1 sí 10 á sún ìlà omi ní mítà 10, nítorí náà kí wọ́n tún ìlà kọ̀ọ̀kan ṣe sí ibi tí omi wà ní wákàtí tí wọ́n ya àwòrán náà. Kí wọ́n fi àwọn ọdún kan tún àwòṣe ṣe, kí wọ́n sì fi ọdún mìíràn tí àwòṣe kò tíì rí dán an wò. Ní Victoria Beach, ẹ kọ́kọ́ wádìí ọdún tí wọ́n da iyanrìn síbẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwòṣe á ka iṣẹ́ ọkọ̀ awayanrìn sí iṣẹ́ ìgbì. Brier skill score ni òṣùwọ̀n: 1 ni pípé, òdo túmọ̀ sí pé àwòṣe kò sàn ju kí a kàn sọ pé nǹkan kan kò yí padà lọ. Èyí tó bá lọ sí òdì, kí wọ́n padà sí ọ̀sẹ̀ kẹta, kì í ṣe sí facua.

Fún ìdánwò ìkẹyìn, ẹ fún àwọn méjì méjì ní àwòṣe tí ẹ ti fi àṣìṣe mẹ́ta sínú rẹ̀: ìhà ìgbì tó yí padà, orí omi tó fi ìdajì mítà yẹ̀, àti aago tó fi wákàtí kan pẹ́. Wọn kò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ kí wọ́n tó rí gbogbo wọn. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n kọ ìwé ojú ewé méjì tí yóò sọ iye iyanrìn láti ìwọ̀n tó kéré jù dé èyí tó pọ̀ jù, kí wọ́n sì gbé gbogbo fáìlì sílẹ̀ nínú fódà kan: dátà bó ṣe dé, kóòdù tó tún un ṣe, fáìlì ìṣètò, àti ìwé kan tó sọ ẹ̀yà sọ́fítíwíà tí wọ́n lò àti ìdí tí wọ́n fi yan nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan. Ẹ gbé fódà náà fún àwọn méjì mìíràn. Bí wọn kò bá lè tún èsì náà mú jáde láàárín ọjọ́ kan láìbéèrè nǹkan kan lọ́wọ́ àwọn tó ṣe é, ẹ dá a padà.